Ihò Tó Sá Pamọ́ Sábẹ́ Awọ: Bí Dáì àti X-ray Ṣe Ń Tọ Ipa Egbò

Ẹnu egbò kì í sábà wà níbi tí àrùn gan-an wà. Ọyún tó kó jọ sínú eegun itan lè gba àárín iṣan kọjá, kó rìn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì, kó tó rí ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ tó láti bẹ́ síta. Ibi tó ti bẹ́ yẹn nìkan ni ojú ń rí: ihò kékeré kan tí kò tó orí ìka, tó ń ṣomi lónìí, tó dí lọ́la, tó tún là lọ́tunla. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í, wọ́n lo oògùn sí i, ó jọ pé ó san. Oṣù méjì kò pé tó tún fi ń da ọyún. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tọ́jú. Ilé tí ọyún ti ń jáde wá ṣì wà níbi tó wà, kò sẹ́ni tó kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí irú egbò bẹ́ẹ̀ gbà lábẹ́ awọ, ibi tó ti yà àti ibi tó parí sí, wọ́n máa ń fa oògùn kan tó ń hàn nínú àwòrán X-ray sínú ihò náà. Dáì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti aláìsàn ń pè é.

Iṣẹ́ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti tẹ̀lé ọdẹ lọ fín òkété rí. Òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan. Ọdẹ rí ẹnu kan, kò mọ ibi tí ìyókù wà. Ó kó koríko sí i, ó fi iná sí i, ó fẹ́ èéfín wọlé, àwọn tó kù sì dúró káàkiri pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá, wọ́n ń ṣọ́ ibi tí èéfín yóò ti yọ. Dáì ni èéfín yẹn, X-ray sì ni ojú àwọn tó ń ṣọ́nà. Àfiwé náà bá a mu títí dé ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó: bí erùpẹ̀ bá ti ya dí ẹ̀ka kan nínú ihò, èéfín kò ní dé ibẹ̀, òkété yóò sì jókòó síbẹ̀ láìmira.

Oríṣi ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣègùn yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ní ẹnu kan ṣoṣo lójú awọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì já sí ibì kankan. Sinus ni wọ́n ń pè é. Èkejì so ibi méjì tí kò yẹ kó so pọ̀ mọ́ra: ìfun mọ́ awọ ikùn, àpò ìtọ̀ mọ́ ojú ara obìnrin, inú ìdí mọ́ awọ ẹ̀gbẹ́ ìdí. Fístúlà nìyẹn. Bí wọ́n bá bá sinus pàdé, wọ́n á wá ohun tó ń bọ́ ọ nísàlẹ̀, ìyẹn òkú eegun, ẹ̀gún, ègé igi, òwú tí wọ́n fi rán ara nígbà kan. Bí ó bá jẹ́ fístúlà, wọ́n á wá ohun tó ń ṣàn gba ibẹ̀ àti ìdí tí kò fi dáwọ́ dúró.

Ní agbègbè Mówè, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ṣòro láti rí ibi tí irú egbò báyìí ti ń wá. Mówè àti Ìbafọ̀ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978. Ìfọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ó wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901. Níbi tí tírélà, dánfó àti ọ̀kadà bá ti ń du ojú ọ̀nà kan náà, kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹni tí eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́ tó sì yọ síta wọ ilé ìwòsàn. Irú eegun bẹ́ẹ̀ ti kan iyanrìn àti gírísì kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa ní kíákíá, ó lè jinná láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, tí ìyẹn sì fi ọparun dì í mọ́ra pẹ̀lú ọgbẹ́ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀, kòkòrò àrùn ti ríbùgbé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eegun náà yẹ ní sísọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, nítorí kò sí ibi tí egbò ti máa ń tan ènìyàn jẹ tó ibẹ̀. Ọyún kún inú eegun, ó fún àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá pa, apá kan eegun sì kú. Ara kì í fẹ́ fi òkú eegun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ eegun tuntun yí i ká bí ìgbà tí wọ́n mọ ògiri yí ilé àwókù ká. Ògiri náà ní ihò lára, ihò yẹn sì ni ọyún ń gbà jáde wá sójú awọ. Oògùn apakòkòrò tí aláìsàn gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé òkú eegun mọ́. Ìdí nìyí tí oògùn olówó ńlá fi lè gbẹ egbò náà fún ìgbà díẹ̀ láìwò ó. Nígbà mìíràn ègé eegun kékeré a máa bá ọyún jáde, ẹni tó bá sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé aláìsàn tẹ oògùn mọ́lẹ̀, pé wọ́n ta á ní nǹkan, yóò ka ègé eegun náà sí ẹ̀rí. Egbò àdáàjinná ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Orúkọ náà ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí ojú rí. Ohun tó fà á ni ojú kò rí.

Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS wà nínú ewu àrùn eegun yìí láìsí jàǹbá ọkọ̀ rárá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé máa ń dí ojú iṣan nínú eegun, apá tó kú nínú eegun sì ń di ibùjókòó fún kòkòrò, pàápàá Salmonella, ẹbí èyí tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí lọ́dún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àìsàn SS. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní ju egbò kan lọ lára, tí orísun wọn kò jọra. Nínú gbogbo egbò eegun, èyí tó ń rìn jìnnà jù lọ ni ti ikọ́ ife tó wọ eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, tí Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ará ìlú London, ti ṣàpèjúwe lọ́dún 1779. Ọyún rẹ̀ ń tẹ̀lé iṣan ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, a sì bẹ́ ní ìpìlẹ̀ itan. Ẹni tó ń wo itan nìkan kò ní ronú kan ẹ̀yìn láé.

Ìdí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ibùdókọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ti Mówè àti Ìbafọ̀ kò sì yàtọ̀, agbo jẹ̀dí wà lára ohun tí àwọn alágbo ń tà jù, jẹ̀díjẹ̀dí sì ti di orúkọ tí wọ́n fi ń kó gbogbo ohun tó bá ń ṣe ìdí pọ̀: ìdí yíyọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ̀yìn ríro, oówo ẹ̀gbẹ́ ìdí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ẹṣẹ́ (gland) kékeré kan tó wà láàárín iṣan méjì tó ń di ìdí mú ni kòkòrò wọ̀. Ó wú, ó gún, ó bẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ara tu aláìsàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ agbo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọyún gbà kò dí, ìdọ̀tí inú ìdí sì ń gba ibẹ̀ kọjá, aṣọ ń tutù lójoojúmọ́. Ní ọdún 1900 ni Goodsall, oníṣẹ́ abẹ ní London, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹnu fístúlà bá wà ní apá iwájú ìdí, ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń tọ́ tààrà wọlé, pé bí ó bá wà lápá ẹ̀yìn, yóò wọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lọ sí àárín gbùngbùn ẹ̀yìn. Ní 1976, Parks, oníṣẹ́ abẹ mìíràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín fístúlà ìdí sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ó ṣe gba àárín, inú, orí tàbí òde àwọn iṣan náà kọjá. Ìpín yìí kì í ṣe eré ìwé. Bí oníṣẹ́ abẹ bá la ọ̀nà tó gba ìsàlẹ̀ iṣan, aláìsàn á san. Bí ó bá la èyí tó gba òkè láìmọ̀, ó ti gé iṣan ìdí nìyẹn, aláìsàn kò sì ní lè dá ìgbẹ́ dúró mọ́ títí ọjọ́ alẹ́.

Nínú ikùn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun a máa lu ìfun já. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú rírán lè jò, kí ohun tó wà nínú ìfun máa ṣàn gba ojú ọgbẹ́ ikùn jáde. Dókítà nílò láti mọ apá ìfun tó ń jò, àti bóyá ìdíwọ́ kan wà níwájú rẹ̀, nítorí pé fístúlà kì í dí bí ọ̀nà iwájú bá dí. Ti obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ tiẹ̀ rọrùn ju èyí lọ láti wá rí: wọ́n á fi omi aláwọ̀ búlúù sínú àpò ìtọ̀, wọ́n á fi òwú mẹ́ta sí ojú ara ní ìpele-ìpele, òwú tó bá di búlúù yóò sọ ibi tí ihò wà. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ.

Dáì tó ń hàn nínú X-ray ni ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X ní Jámánì ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Eegun hàn nínú àwòrán rẹ̀, irin hàn, ṣùgbọ́n ihò inú ẹran ara kò hàn, nítorí ìtànṣán náà ń gba inú ẹran àti ọyún kọjá bákan náà. Ní Chicago, lọ́dún 1906, oníṣẹ́ abẹ kan, Emil Beck, po lẹ́búlẹ́bú bismuth mọ́ fasilíìnì, ìdá kan sí méjì, ó yọ́ ọ lórí iná, ó sì fà á sínú egbò ikọ́ ife tó ti pẹ́. Àwòrán rẹ̀ jáde kedere, ẹ̀ka-ẹ̀ka bí gbòǹgbò igi. Ohun tí kò retí ni pé àwọn egbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jinná lẹ́yìn tó fa nǹkan náà sí wọn. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1908, àwọn dókítà káàkiri ayé sì gbà á bí ìwòsàn, àfi ìgbà tí bismuth bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan, tó ṣe wọ́n bí májèlé, tó sì pa àwọn mìíràn. Ohun tó bá wọ inú egbò lè wọ inú ara. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀.

Lẹ́yìn bismuth ni Lipiodol dé, òróró tí wọ́n so àyọ́díìnì mọ́, tí àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún àwòrán ní bí ọdún 1921. Òróró kì í tètè kúrò níbi tí wọ́n fà á sí, nítorí náà àyọ́díìnì tó ń yòrò nínú omi ló borí lẹ́yìn iṣẹ́ tí Moses Swick ṣe ní Berlin ní 1929. Ìdí tí àyọ́díìnì fi ń hàn ni pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo ju ti ẹran ara lọ dáadáa, ó sì ń dá ìtànṣán dúró. Ibi tó bá dé á funfun báláú nínú fíìmù. Ohun tó yòrò sínú àwọn dáì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, wọ́n sì ń ta ara. Torsten Almén, ará Sweden, ni ó wá ọ̀nà mìíràn jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n ní ohun tó là á lójú ni pé ó máa ń wẹ̀ nínú òkun, ó sì ṣàkíyèsí pé omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ń ta ojú, èyí tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í ta á. Láti inú èrò yẹn ni irú dáì bí Omnipaque ti wá, èyí tó gbòde láti àwọn ọdún 1980.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán kan láìfi ohunkóhun sínú egbò. Àwọn aláìsàn mìíràn máa ń rò pé owó lásán ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àwòrán yìí ni yóò fi òkú eegun, ọta ìbọn tàbí ègé irin hàn kí dáì tó bò wọ́n mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi eegun pe dáì. Wọ́n á nu ojú egbò, wọ́n á lẹ irin kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnu ihò lè hàn nínú fíìmù, wọ́n á sì rọra ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé. Rọ́bà kan wà tó ní bàlúù kékeré lórí, tí wọ́n ń fẹ́ kí dáì má baà ṣẹ́ jáde. Bí kò bá sí i, gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́ ojú egbò á ṣe é.

Ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá fi agbára ti rọ́bà lè dá ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi ipá fa dáì lè ti ọyún wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á, tí wọ́n ń bi aláìsàn bóyá ó ń dùn ún, títí dáì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sẹ́nu ihò. Níbi tí ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn bí sinimá bá wà, dókítà ń rí dáì bó ṣe ń rìn, ó sì lè dúró nígbà tó bá yà sí ẹ̀ka kan. Níbi tí kò bá sí, wọ́n á fa dáì tán kí wọ́n tó ya fíìmù, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín sì ti kọjá. Ó kéré tán, àwòrán méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Àwòrán ojú kan kò lè sọ bóyá dáì wà níwájú eegun ni tàbí nínú eegun gan-an. Dáì tó bá kán sórí awọ tàbí sórí tábìlì gbọ́dọ̀ di nínù kíákíá, torí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tó ní fístúlà tí kò sí.

Kì í ṣe gbogbo dáì ló yẹ gbogbo ihò. Báríọ̀mù tí wọ́n ń mu fún àyẹ̀wò ọ̀fun àti ìfun dára nínú ìfun tó pé, ṣùgbọ́n bí ó bá jò sínú ikùn, yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, yóò sì dá wàhálà sílẹ̀. Àyọ́díìnì tó ń yòrò ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá fura sí jíjò. Irú bíi Gastrografin náà léwu bí ó bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa omi kúrò lára ọmọdé. Àyọ́díìnì lè mú kí ara àwọn kan wú tàbí kí mímí nira fún wọn. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Japan tó jáde ní 1990, tó kan ìgbà tó lé ní 330,000 tí wọ́n fa dáì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 22 nínú 10,000 ni ìṣòro líle bá pẹ̀lú dáì àtijọ́, 4 nínú 10,000 pẹ̀lú ti ìgbàlódé. Ti inú egbò kò tó ti inú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí abẹ́rẹ́ àti oògùn tó ń rọ̀ ọ́ wà nítòsí. Ìbéèrè oyún sì gbọ́dọ̀ wáyé kí wọ́n tó tan ìtànṣán sí obìnrin.

Ibi tí dáì ti ń kùnà ni ibi tí òkété sá pamọ́ sí. Ọyún líle, ẹran tó ti dì tàbí ìdọ̀tí lè dí ẹ̀ka kan pa, kí àwòrán sì fi ọ̀nà kúkúrú tó mọ́ hàn. Fún fístúlà ìdí, ìṣòro kejì ni pé iṣan kì í hàn nínú X-ray. Ọ̀nà hàn, ohun tí ọ̀nà náà là kọjá kò hàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 1985 lórí aláìsàn 25 fi hàn pé àwòrán dáì bá ohun tí wọ́n rí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ mu ní ìdá 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Láti àwọn ọdún 1990 ni MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, ti gba iṣẹ́ ìdí lọ́wọ́ X-ray níbi tí owó bá ti tó o. Omi inú fístúlà ń funfun fúnra rẹ̀ nínú MRI, àwọn iṣan sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síkáànù (ultrasound) náà ń ṣe é, bí wọ́n bá fa hydrogen peroxide wọlé kí ìfófòó rẹ̀ lè hàn. CT, X-ray tí kọ̀ǹpútà fi ń ya inú ara ní ègé-ègé, ló dára jù fún ọyún inú ikùn àti fún ọgbẹ́ ìbọn tàbí ti ọ̀bẹ. Wọ́n ti fi X-ray àti dáì wo ọgbẹ́ ọ̀bẹ ikùn rí ní àwọn ọdún 1960, bóyá ó wọ inú. Wọ́n pa á tì nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló fi hàn pé ọ̀bẹ kò wọlé, tó sì ti wọlé.

Síbẹ̀, àwòrán dáì kò tíì kúrò nílé. Fún egbò eegun tó ń da ọyún, ó ṣì ń fi hàn bóyá ihò náà dé ọ̀dọ̀ òkú eegun, owó rẹ̀ kò sì jọ ti MRI. Aláìsàn láti Ìfọ̀ lè kọjá láti ilé ìwòsàn ìjọba tó wà níbẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993. Ẹni tó wà ní Mówè lè yà sí Ṣágámù, sí ilé ìwòsàn yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ, tàbí kó gba Èkó lọ sí Ìgbóbì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun láti 1945. Fíìmù inú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ ni yóò bá a rìn. Ó dára kó má ṣe fi sílẹ̀ nílé, nítorí dókítà kejì kò lè rí nínú lẹ́tà ohun tí èkínní rí nínú àwòrán.

Lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, oníṣẹ́ abẹ máa ń fa omi búlúù sínú ihò kan náà kó tó gbé ọ̀bẹ. Fíìmù ti sọ ibi tó yẹ kó lọ. Àwọ̀ búlúù ń darí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń gé tẹ̀lé e títí dé òkú eegun tàbí ègé igi, yóò yọ ọ́, yóò sì ha ògiri ihò náà kúrò. Bí ó bá jẹ́ fístúlà ìfun tí wọ́n ń retí pé kó dí fúnra rẹ̀, rọ́bà á wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì máa fa dáì gba inú rọ́bà náà láti wọn bó ṣe ń kéré sí i. Lọ́jọ́ tí dáì kò bá kọjá ìsàlẹ̀ awọ mọ́, wọ́n á fa rọ́bà yọ, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀sì bo ojú ihò.